Ìwé Méjì, Ògiri Kan

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí ara wọn, kì í sì í ṣe pé ìjà ló ṣẹlẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe gbà nìyẹn. Ọmọbìnrin náà jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba. Ọmọkùnrin náà ń bá kọ́ńpìnnì kan ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n ń rán láti yẹ ògiri wò. Ìjọba àti kọ́ńpìnnì náà ti jọ ṣe àdéhùn láti tún àdúgbò àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí ńlá ṣe, kí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn baba ńlá fi bíríkì pupa kọ́ má bàa wó lé ọmọ lórí. Ṣùgbọ́n ìjọba kò gbẹ́kẹ̀ lé kọ́ńpìnnì tán, kọ́ńpìnnì kò sì gbẹ́kẹ̀ lé ìjọba rárá. Nítorí náà, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni méjì ni yóò máa wo ilé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì, kálukú pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ wo ìwé ara wọn títí di ìrọ̀lẹ́, tí wọn yóò ṣí méjèèjì sórí tábìlì. Ohun tí ìwé méjèèjì bá jọ sọ ni wọn yóò gbà ní òótọ́. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, wọn yóò padà lọ wò ó.

Ìyókù àdéhùn náà kò ṣòro láti lóye. Ìjọba á tún gọ́tà àti ojú ọ̀nà ṣe. Kọ́ńpìnnì á tún àwọn ilé ṣe láti òrùlé dé ìpìlẹ̀, wọ́n á sì fi ilé ìkẹ́rùsí náà ṣe ṣọ́ọ̀bù fún ọgbọ̀n ọdún. Onílé ní tirẹ̀ á ṣèlérí pé òun kò ní ta ilé náà fún ọdún mẹ́wàá, òun kò sì ní yí ojú rẹ̀ padà. Ọwọ́ mẹ́ta ni yóò wà nísàlẹ̀ ìwé ilé kọ̀ọ̀kan. Bí onílé kan ṣoṣo bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, wọn kò ní fi ọwọ́ kan òpópónà náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, wọ́n jókòó sí tábìlì kan ní ọ́fíìsì ìjọba, lábẹ́ fáànù tó ń ké bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Ilé opó arúgbó kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Ọmọkùnrin náà ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé: "Àtẹ̀gùn kẹta ti kán. Màmá onílé ti mọ̀ ọ́n fò." Ọmọbìnrin náà yí ìwé tirẹ̀ sí i láìsọ̀rọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Àtẹ̀gùn kẹta kò sí mọ́. Ìyá náà ń rékọjá rẹ̀ láìwo ilẹ̀." Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àtẹ̀gùn kò gbà ju "ó dára" tàbí "kò dára" lọ. Wọ́n wo ojú ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò fẹ́ kí ẹni tó wà níwájú gbọ́.

Kò pẹ́ tí àdúgbò fi sọ ọmọkùnrin náà ní Onígíláàsì. Ibikíbi tó bá ti rí ògiri tó sán, yóò gé gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gùn ju ìka àárín lọ, yóò fi dábùú ojú ibi tó sán, yóò lẹ orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ògiri, yóò sì kọ ọjọ́ oṣù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá tí gíláàsì náà ṣì wà lódindi, ògiri ti dákẹ́. Ọgbẹ́ àtijọ́ ni, wọn á dí i. Ṣùgbọ́n bí gíláàsì bá kán, ògiri ṣì ń rìn nìyẹn, wọn á wó o lulẹ̀, wọn á sì fi búlọ́ọ̀kù tuntun rọ́pò rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní kí Onígíláàsì bá àwọn lẹ ọ̀kan mọ́ orúnkún, kí àwọn mọ̀ bóyá ó ṣì ń rìn.

Oṣù mẹ́ta kọjá báyìí, ilé kan tẹ̀ lé òmíràn, ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ọmọbìnrin náà kò jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti ń fi ìrọ̀lẹ́ ka ọjọ́. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó ti rí ọkùnrin méjì tó sọ̀rọ̀ dídùn tí ọ̀rọ̀ náà kò dé ibì kankan, kò sì fẹ́ kí ọkàn òun sáré ju ẹsẹ̀ òun lọ mọ́. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọkùnrin náà ni òun fẹ́ràn ni, àbí bó ṣe ń rí nǹkan. Ó gbé e sínú àdúrà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nígbà tó dìde lórí eékún rẹ̀, ó rí i pé òun kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ilé mẹ́fà ni wọ́n wò ní Fúráìdé kan. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé, ìlà méje ló wà nínú ìwé ọmọkùnrin náà. Ìlà keje kà báyìí: "Ẹni tó ń kọ ìwé kejì. Mo wò ó dáadáa. Mi ò rí àléébù kankan."

Ọmọbìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Etí rẹ̀ gbóná. Ó fi ìka tẹ ìwé tirẹ̀, èyí tó parí sí ilé kẹfà.

"Ìwé wa kò bára mu," ló sọ.

Ọmọkùnrin náà tẹjú mọ́ tábìlì. "Mo rí i bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹ mọ ohun tí àdéhùn sọ bí ìwé bá yàtọ̀?"

"Pé ká padà lọ wò ó."

"Ẹ dìde nígbà náà. Mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn."

Wọ́n rin àdúgbò náà yí ká lẹ́ẹ̀mẹta kí iná ojú pópó tó tàn. Wọn kò di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tó ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa ní ọdún méje sẹ́yìn. Ọmọkùnrin náà sọ̀rọ̀ ìyá tirẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò tíì rí obìnrin kan tó dára tó ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó bi í bóyá yíyẹ̀wò náà ti parí. Ọmọbìnrin náà ní ilé tó bá wu ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń wò lọ́jọ́ kan.

*

Bàbá ọmọbìnrin náà jẹ́ bíríkìlà àgbà. Kò sí ògiri kan ní òpópónà náà tí ọwọ́ rẹ̀ tàbí ọwọ́ bàbá rẹ̀ kò tíì kàn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ aránṣọ, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìsàlẹ̀ ilé náà, òun ló sì dàbí ìyá fún ọmọ náà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Àǹtí ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ sọ fún. Àǹtí yọ òwú kúrò lẹ́nu, ó ní òun ti mọ̀ láti oṣù tó kọjá. Búláòsì tí òun rán fún un lọ́dún tó kọjá ti ń fún un láyà, kò sì sanra. Ẹni tó bá ń mí kanlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe àìsàn, ìfẹ́ ni.

Àǹtí ló gun àtẹ̀gùn lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní wọ́n ń bọ̀ wá wo ilé òun ní Mọ́ńdè. Kí ó máa bọ̀, bó ṣe ń wo ilé, òun náà yóò wò ó.

Ògiri iwájú ilé náà kì í ṣe ògiri lásán fún Bàbá. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀ ló fi ẹfun rẹ́ ẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹfun tòótọ́, èyí tí wọ́n ń fi òkúta funfun sísun pò. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dúró nísàlẹ̀ àkàsọ̀, ó ń na ìkòkò sí i. Bàbá wo ilẹ̀ láti òkè, ó ní ògiri yìí yóò dúró ju àwọn méjèèjì lọ. Ó tó ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n báyìí. Sísán kan wà lábẹ́ fèrèsé òkè tó sọ̀ kalẹ̀ bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ arúgbó. Bàbá ní ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kò sì lọ síbì kankan.

Ọmọbìnrin náà ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ilé bàbá òun ni. Ọ̀gá ní kò sí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà, pé kí ó ṣáà kọ ohun tí ojú rẹ̀ bá rí. Bàbá gbé àpótí jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó fi ọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo Onígíláàsì. Ọmọkùnrin náà gé gíláàsì tirẹ̀. Ó fẹ́ ṣe é kíá, kó sì dára lójú bàbá ọmọ, ló bá bu sìmẹ́ńtì díẹ̀ nínú àpò tó wà níbi iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe níbi gbogbo, ó sì fi lẹ gíláàsì náà.

Bàbá béèrè ohun tó fi lẹ̀ ẹ́. Ó ní sìmẹ́ńtì ni, sà. Bàbá ní ògiri ẹfun ni ògiri yìí, pé ẹfun àti sìmẹ́ńtì kì í sùn lórí ẹní kan. Sìmẹ́ńtì le, bó bá sì ń gbẹ, ó ń súnkì. Yóò fa gíláàsì náà títí yóò fi kán an. Ọmọkùnrin náà fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé bí àwọn ṣe ń ṣe é ní gbogbo ilé nìyẹn. Ọmọbìnrin náà wà lórí àkàsọ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni bàbá rẹ̀ ti ń bá sìmẹ́ńtì jà. Ó kà á sí kíkùn àgbà. Kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, gíláàsì náà kán.

Ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ rí i bó ṣe ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ náà, ó ń gbàdúrà kan tí ojú ń tì í láti gbà: pé kí ìwé èkejì yàtọ̀ sí tòun. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ṣí méjèèjì. "Ó ti kán." "Ó ti kán." Wọ́n jókòó lábẹ́ fáànù tó ń húkọ́ lọ.

Ilé mọ́kànlá ni gíláàsì kán lára wọn ní òpópónà náà tó ní ilé méjìlélọ́gbọ̀n. Àwọn mẹ́wàá yòókù gbà kí wọ́n wó ògiri wọn. Bàbá nìkan ló kọ̀. Kọ́ńpìnnì ní bí oṣù méjì bá kọjá tí ọwọ́ kò pé, àwọn yóò gbé irinṣẹ́ lọ sí òpópónà mìíràn. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n máa ń dúró kí Bàbá títí bẹ̀rẹ̀ sí í kí i bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Opó tó ń fo àtẹ̀gùn kẹta nìkan ni kò yí padà. Ó ní òun ti fò ó fún ọdún mẹ́fà, òun á lè fò ó fún oṣù méjì sí i.

Bàbá pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ṣé o rí i pé ó kán?"

"Mo rí i, sà."

"O kọ ohun tí o rí. Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bi ògiri mi ní ìbéèrè tí kò yé òun fúnra rẹ̀, tó wá fi ìdáhùn rẹ̀ dá a lẹ́bi, mi ò lè fi ọmọ mi fún un. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá dákẹ́ nínú ilé rẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ bóyá o sàn tàbí o ń kú lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju igbe lọ. Ní apá kejì ìlú, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ti gbọ́, ó sì tẹ ọmọ rẹ̀ láago. Ó ní òun kò mọ ọmọbìnrin náà, òun kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹni tí òun kò mọ̀. Àmọ́, ọmọ tó fọwọ́ sí i kí wọ́n wó ilé bàbá rẹ̀, kí ni kò ní fọwọ́ sí nípa ilé ọkọ?

Wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin náà ní kí wọ́n sinmi díẹ̀. Ọmọkùnrin náà ní ó dára. Ọmọbìnrin náà kò fẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ọmọkùnrin náà kò fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ìwé wọn gbẹ. Àwọn àtẹ̀gùn di "ó dára", àwọn fèrèsé di "kò dára". Ní ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín àwọn akọrin tó ń kọ ohùn kejì, ọmọbìnrin náà ń ṣí ìwé orin sí ojú ewé tí kò tọ́, tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á bá a ṣí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí Àǹtí tó dé ibi iṣẹ́ Onígíláàsì pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn. Ó ní òun wá wọn ṣòkòtò. Ọmọkùnrin náà ní òun kò ní kí wọ́n rán ṣòkòtò kankan. Àǹtí ní ẹni tó fẹ́ gbéyàwó tí kò ní ṣòkòtò gidi, kí ló fẹ́ wọ̀? Ó ń wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní agídí, gbogbo ayé ló mọ̀, ṣùgbọ́n agídí rẹ̀ kì í ṣe lásán. Ó bi í bóyá ó rántí ohun tí Bàbá sọ lọ́jọ́ náà nípa sìmẹ́ńtì.

"Mo rántí, mà."

"Ṣé o ti padà lọ bi í léèrè?"

Ọmọkùnrin náà mi orí pé rárá.

"Ìwọ tí wọ́n ń sanwó fún kí o máa béèrè," ni Àǹtí wí, ó sì ká tépù rẹ̀.

Ní Sátidé, ó kan ilẹ̀kùn Bàbá. Kò mú ẹ̀bùn dání. Gíláàsì tuntun méjì ló mú wá. Ó ní òun kò wá bẹ̀bẹ̀ nítorí ọmọ wọn lónìí, pé ìmọ̀ ni òun wá tọrọ. Kí àwọn lẹ méjì mọ́ ojú sísán kan náà, ọ̀kan lókè pẹ̀lú sìmẹ́ńtì, ọ̀kan nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹfun, kí Bàbá fọwọ́ ara wọn lẹ èyí ti ẹfun. Bàbá wo gíláàsì, ó wo ọmọkùnrin náà, ó wá bi í bóyá ó ti jẹun. Bí ó ṣe gbà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe. Bí gíláàsì ilé Bàbá bá purọ́, mẹ́wàá yòókù lè purọ́ pẹ̀lú. Ọmọkùnrin náà lọ bá ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ní kọ́ńpìnnì, ó jẹ́wọ́ pé ó ṣeé ṣe kí òun ti ṣi ilé mọ́kànlá dá lẹ́jọ́. Inú ọ̀gá kò dùn. Wọ́n ti kó búlọ́ọ̀kù wá. Ó ní kí ó rántí ẹni tó gbà á síṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí ìwé ìjọba sọ, nítorí pé láìsí ìwé kejì, ìwé tirẹ̀ kò lè yí nǹkan kan padà.

Ọmọbìnrin náà ló ní ìwé kejì. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó lọ síwájú ọ̀gá tirẹ̀, ó fa ìlà sórí ìdájọ́ mọ́kànlá, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Bàbá onílé sọ fún wa lọ́jọ́ kìíní. Mo gbọ́, mi ò kọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká tún un wò." Ó fọwọ́ sí i.

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Gbogbo Sátidé, Bàbá àti Onígíláàsì a máa rìn láti ilé dé ilé. Bàbá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi omi tu ògiri lójú kí ẹfun tó kàn án, àti bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri kí wọ́n gbọ́ ibi tó ti ṣófo. Ọmọbìnrin náà kì í tẹ̀ lé wọn. Ó ń dúró lẹ́yìn fèrèsé òkè, ó ń gbọ́ bí ohùn méjèèjì ṣe ń jìnnà.

Kó tó pé ogún ọjọ́, gíláàsì sìmẹ́ńtì ti kán ní ilé mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Gíláàsì ẹfun kò mira. Àwọn aládùúgbò tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró kí Bàbá. Wọ́n ní òun ló gba ògiri àwọn là. Bàbá ní kí wọ́n fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó na ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Sátidé tó kẹ́yìn, kí oòrùn tó gun òrùlé, ọmọbìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú garawa omi. Ó bá bàbá rẹ̀ tó dúró níwájú ògiri. Kò yí ojú padà. Ọmọbìnrin náà wo ibi tí bàbá ń wò. Gíláàsì ẹfun ti kán. Ojú ibi tó kán tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tààrà, láti etí dé etí.

Lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, agolo ẹfun rẹ̀ wà ní ṣíṣí, ó ṣì tutù. Gíláàsì gígé mẹ́rin wà nínú bébà. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi lẹ ti tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà ló fi kọ ọjọ́ oṣù sí i. Kò sí ẹnikẹ́ni lójú pópó tí yóò rí i bó bá pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá mú gíláàsì kan, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò nu ún. Ọmọbìnrin náà di etí garawa mú kó má bàa dún. Kò gbàdúrà fún ògiri mọ́. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ń gbàdúrà fún.

Ó pẹ́. Bàbá dá gíláàsì náà padà sínú bébà, ó dé agolo rẹ̀, ó sì jókòó.

"Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀," ló wí. "Lọ pè é wá. Kí ẹ mú ìwé méjèèjì."

Onígíláàsì dé, ó wò ó títí. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló fi ọwọ́ kàn án, pé ó lè jẹ́ atẹ́gùn.

"Má purọ́ fún mi nínú ilé mi," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ kò le. "Lọ́jọ́sí, o sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé o kò mọ̀. Lónìí o mọ̀. Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Ọmọbìnrin náà kọ tirẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ tó ní ẹfun nu ojú, ẹfun sì kù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Mo sọ fún ìyá rẹ pé yóò dúró ju àwa méjèèjì lọ. Mi ò tàn án. Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ ni mo sọ. Ohun tó yẹ kí n sọ fún un ni pé màá máa wò ó."

Ó ní kí wọ́n fún òun ní bírò. Ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ilé náà lórí orúnkún rẹ̀, òun ni ọwọ́ kẹta.

Nígbà tí wọ́n gbẹ́lẹ̀ wo ìpìlẹ̀, wọ́n rí i pé gọ́tà ìjọba tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé náà kọjá ló ti ń jò sábẹ́ ògiri láti ọdún gbọ́nhan. Ìjọba tún gọ́tà ṣe. Bàbá sì ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó fọwọ́ sí nínú ìwé pé bíríkì náà gan-an ni wọn yóò fi tún ògiri mọ, pẹ̀lú ẹfun, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé sìmẹ́ńtì sún mọ́ ògiri àwọn mẹ́wàá yòókù, tí gíláàsì ẹfun wọn ṣì wà lódindi. Ọ̀gá obìnrin ní kọ́ńpìnnì kà á, ó mí kanlẹ̀, ó bi Bàbá bóyá yóò lè kọ́ àwọn bíríkìlà òun. Bàbá ní bí wọn kò bá ń sáré.

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wó ògiri náà tán, tí tapólì nìkan ń fì níwájú yàrá òkè, Bàbá pe àwọn méjèèjì. Àǹtí wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ti wọkọ̀ wá. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ẹni tó ń kọ òtítọ́ lòdì sí ilé bàbá rẹ̀, nígbà tó sì rí i, ó mú un lọ́wọ́, ó ní ó rù jù.

Bàbá mú Onígíláàsì jókòó sí igun kan, ó mú ọmọ rẹ̀ jókòó sí igun kejì, ó fún wọn ní bébà kọ̀ọ̀kan.

"Ẹni tó ní òun kò rí àléébù kankan lára ọmọ mi," ló wí, ọmọbìnrin náà sì wo Àǹtí, Àǹtí wo òkè àjà. "Mi ò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kálukú kọ ibi tí ẹnì kejì ti sán. Ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ má wo ìwé ara yín."

Àǹtí béèrè bóyá ìdánwò ni àbí ìgbéyàwó. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé kí wọ́n tó gbé ènìyàn wọlé ìwòsàn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n kọ ọ́. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀. Ó ka ti ọmọkùnrin náà sókè: "Bí nǹkan bá dùn ún, ó máa ń dákẹ́." Ó mú ti ọmọ rẹ̀. Ó wò ó, ó tún wo àkọ́kọ́, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọn kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, àfi ìgbà tó na bébà náà sí nọ́ọ̀sì, tí ìyẹn sì kà á jáde: "Kì í sọ̀rọ̀ bí ọkàn rẹ̀ bá gbọgbẹ́."

"Ìwé méjèèjì bára mu," ni Bàbá wí. "Ibi tó sán nìyẹn. Ẹ ti mọ ibẹ̀. Ẹ máa wò ó."

Ó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ méjèèjì. Àǹtí ń fi etí aṣọ nu ojú, ó ní kí wọ́n fi bébà náà sáàárín bíríkì, kí ó wà nínú ògiri títí láé. Bàbá ní bébà kì í gbé ògiri ró. Yóò jẹrà, yóò fi ihò sílẹ̀. Ó fún ọmọkùnrin náà ní èyí tí ọmọbìnrin náà kọ, ó fún ọmọbìnrin náà ní èyí tí ọmọkùnrin náà kọ, ó ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ síbi tí wọn yóò ti máa rí i.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá wà lórí àkàsọ̀ pẹ̀lú ẹfun. Bíríkì ń ti orí ilẹ̀ lọ bá a láti ọwọ́ dé ọwọ́, Onígíláàsì nísàlẹ̀, ọmọbìnrin náà láàárín. Iṣẹ́ yìí kò gbà kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Ẹni tó bá ń na bíríkì sí ọ gbọ́dọ̀ rí ojú rẹ. Ní bíríkì kẹwàá, Onígíláàsì rí i pé ọmọbìnrin náà fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan.

Ó di bíríkì náà mú, kò fi í sílẹ̀ fún un.

"Ṣé ó dùn ọ́?" ló bi í.

Ọmọbìnrin náà fẹ́ sọ pé rárá. Ó wo òkè, ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń dúró de bíríkì, tó ń wo àwọn méjèèjì láìsọ̀rọ̀.

"Ó dùn mí," ló dáhùn, ó sì na ọwọ́ náà sí i kó lè wò ó.